Igi Inú Gìtá Aládùúgbò Wa

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ní Iléṣà. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga ṣọ́ọ̀ṣì, àti pósí nígbà tí àwọn olóòkú bá ń kánjú, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn kí n tó dé Johannesburg. Mi ò ṣe gìtá rí. Nígbà tí mo débẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Randburg gbà mí síṣẹ́, à ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná fún àwọn tó ń kọ́lé tuntun. Turffontein ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà, nínú ilé kékeré kan tí a háyà. Wáyà ni wọ́n fi ṣe ọgbà láàárín ilé wa àti ilé kejì, wáyà náà sì ti já níbì kan, débi pé èèyàn lè gba ibẹ̀ kọjá bó bá tẹ̀ ba.

Ìyá àgbà kan ló ń dá gbé ilé kejì yẹn. Ọmọ Súlúù ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Durban. Gógò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lédè wọn. Èmi àti ìyàwó mi ń pè é ní Màmá. Òyìnbó la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ kò dán mọ́rán, tèmi náà kò sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ra wa yé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, mo ń fá pákó lẹ́yìnkùlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ó ń wò mí.

"Ọwọ́ rẹ jọ ti ọkọ mi," ló wí. "Wá wo nǹkan."

Mo tẹ̀ lé e lọ sínú gáréèjì rẹ̀. Kò sí mọ́tò níbẹ̀. Tábìlì iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi òróró pa, tí wọ́n so kọ́ ara ògiri, àti nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò. Ó ká aṣọ náà kúrò. Gìtá ni, tàbí kí n ní ìdajì gìtá: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ti fi iná tẹ̀ títí tó fi ní èjìká àti ìbàdí, ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀. Kò sì dìde mọ́.

"Bá mi parí ẹ̀," ni Màmá wí.

Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó dáa, Màmá." Kí n má purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ Màmá ló mú mi gbà. Nílùú tí èèyàn ti jẹ́ àlejò, ó dára kí onílé mọ oore ẹni. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ohun tó kù tí ọkọ Màmá kò tíì ṣe gan-an ni mi ò mọ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ gìtá fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi páálí. Bí èèyàn bá fi gọ́ọ̀mù sí etí rẹ̀ pé kí òun lẹ ojú gìtá mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù kò ní rí ibi dì mú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí náà po láti inú, lápá ojú àti lápá ẹ̀yìn. Láínìn ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí àwọn télọ̀ ń pe aṣọ inú kóòtù. Bí gìtá bá parí, kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo yá díńgí kékeré tí ìyàwó mi fi ń tọ́jú ojú, mo kì í bọ inú ihò gìtá ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n fi ayùn gé pákó náà léraléra bí eyín ìyarun, ṣùgbọ́n wọn ò gé e já. Eyín yẹn ló ń jẹ́ kó lè tẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lo mẹ̀rántì, igi pupa tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé níbẹ̀, nítorí pé àjákù rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Mo là á, mo gé eyín sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún pàù, ó kán. Mo mú òmíràn, òun náà kán síbi ìbàdí gìtá, níbi tí ìtẹ̀ ti yí padà. Mo lo páìnì. Òun tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó pọ̀ lára rẹ̀, oje sì ń jáde níbẹ̀ tí gọ́ọ̀mù kò fi mú. Màmá jókòó lórí àpótí, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

"Igi wo ni bàbá fẹ́ lò?" ni mo bi í.

"Kò sọ fún mi. Ó kàn máa ń sọ pé igi inú gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó má baà pa ohùn gìtá."

Ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ wọ́dúróòbù rẹ̀ ló gbé dání, ó ti kó aṣọ inú rẹ̀ kúrò. Òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Kédárì ni, igi tí mo ti ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì láti kékeré tí mi ò fọwọ́ kàn rí. Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ náà gbẹ, ó fúyẹ́, ìlà ara rẹ̀ sì tọ́ láti òkè délẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n gé dúrọ́ọ̀ yín ni?"

"Aṣọ mi ò kún dúrọ́ọ̀ mẹ́rin," ló wí. "Gé e."

Mo gé e. Kédárì náà tẹ̀ bí ìgbànú. Ibi ìbàdí nìkan ni mo ti fi aṣọ tí mo rì sínú omi gbígbóná rọ̀ ọ́. Ohun tí a máa fi fún un mú kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ ló tún di wàhálà, nítorí pé kíláàmpù tí mo ní tóbi jù, ó lè fọ́ ẹ̀gbẹ́ gìtá náà. Màmá bọ́ síta, ó sì tú gbogbo pẹ́ẹ̀gì tó fi sá aṣọ lórí okùn. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi wé pẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kó lè lágbára. A to pẹ́ẹ̀gì yẹn yí etí gìtá ká títí ó fi dà bí òòrẹ̀ tó nara. Láti ọjọ́ náà, orí wáyà ọgbà ni Màmá ń sá aṣọ rẹ̀ sí.

Láàárín àwọn Sátidé wọ̀nyẹn, ó máa ń fún mi ní sikóònù, àkàrà òyìnbó kékeré tó ń yan fúnra rẹ̀, kí n gbé e lọ fún ìyàwó àti ọmọ mi. Màá dúpẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, màá gbé e lọ sílé. Bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, màá rọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, màá sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí níbi tí èmi àti ọmọ mi ti jọ ń wọ táásì, òun síléèwé, èmi síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n máa ń sọ ọ́ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ kò fẹ́ wa, pé ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ wọn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Mo ti pe ọmọ mi jókòó, mo ní, "Bí Màmá yẹn bá fún ẹ lóúnjẹ, má jẹ ẹ́ o. Àwọn èèyàn yìí, a ò mọ inú wọn." Ọmọ náà dá mi lóhùn lóyìnbó pé òun ti gbọ́.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà dé. Rédíò ń sọ pé láwọn àdúgbò kan, wọ́n ń lé àlejò, wọ́n sì ń dáná sun ilé wọn. N kì í la ẹnu nínú táásì mọ́, kí wọ́n má baà fi ohùn mi mọ̀ mí. Bí mo bá fẹ́ sọ̀, màá dúró di ìgbà tí ẹlòmíràn bá ní kí dẹ́rẹ́bà já òun sílẹ̀ lẹ́yìn róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì wọn, màá sì bá a sọ̀ níbẹ̀, bí ilé mi tilẹ̀ ṣì jìn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a gbọ́ orin. Ohùn ọkùnrin púpọ̀ ni, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, a sì ń gbọ́ gíláàsì tó ń fọ́ láàárín rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ta irun lójú títì kejì ni wọ́n ń fọ́. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, Màmá ti dúró níbi tí wáyà ti já.

"Gbé ọmọ wá," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì náà. Kíá."

A tẹ̀ ba kọjá, ó sì tì wá mọ́ inú gáréèjì. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́, gìtá wà lókè orí wa. Ìyàwó mi fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin náà dé ẹnu géètì, tí wọ́n ń béèrè nǹkan ní Súlúù. Ohùn Màmá kò lọ sókè. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó ti kọjá àyè rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn tó ń lọ. Ìgbà tó yá ni Màmá sọ fún wa pé òun mọ ìyá ọ̀kan nínú wọn, òun sì bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ojú ti ń tì mí lábẹ́ tábìlì yẹn. Ọkùnrin bíi tèmi, tí opó arúgbó ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ṣeé gbà mọ́ra.

Nígbà tí ojú títì dákẹ́, Màmá gbé oúnjẹ wọlé: pápù, èyí tó jọ tùwó àgbàdo, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó ṣì ń rú èéfín. Ó bu ti ọmọ wa lọ́tọ̀, ó nà án sí i. Ọmọ náà káwọ́ sẹ́yìn.

"Jẹun, ọmọ mi," ni Màmá wí.

Ọmọ wa wo ojú mi. Ó wá dáhùn ní òyìnbó tó já gaara tí wọ́n ń kọ́ ọ níléèwé, ó ní, "Ẹ ṣé, Gógò, rárá. Dádì mi ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ yín, torí a ò mọ inú yín. Dádì máa ń ju sikóònù yín dànù níbi táásì."

Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ ti bàbá rẹ̀ ni.

Ìyàwó mi ní, "Yé!" ó sì fọwọ́ bojú. Màmá ń wo ọmọ náà, kò wo èmi. Ó gbé àwo rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé ó lọ ṣí géètì fún wa pé ká máa lọ ni, mo sì mọ̀ pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nígbà tó padà dé, búrẹ́dì kan tí wọn ò tíì tú náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ló mú dání, àti ẹja inú agolo kan. Ó gbé agolo náà síwájú ọmọ wa, ó yí i po kó lè rí i pé ẹnikẹ́ni ò ṣí i rí. Ó wá ṣí i lójú gbogbo wa. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀, òun ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó sì gbé ìyókù fún ọmọ náà.

"Ṣé èyí dáa?" ló bi í.

"Ó dáa, Gógò. Ẹ ṣé."

Gbogbo wa jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́ lọ nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá mọ bí màá ṣe gbà á.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la wà títí àdúgbò fi rọ̀. Nígbà tí a padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Mo ń jáde kó tó jí. Bí mo bá gbọ́ tó ń gbálẹ̀, màá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí yóò fi parí. Sátidé dé, mi ò lọ. Òmíràn tún dé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé gọ́ọ̀mù kì í tètè gbẹ nígbà òtútù.

"Gọ́ọ̀mù wo, Dádì?" ni ìyàwó mi wí. "Pẹ́ẹ̀gì ìyá yẹn ṣì wà lára gìtá. Wáyà ti ya aṣọ rẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí ni màá sọ?"

"Ẹ kàn dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé."

"Ìwọ náà mọ̀ nípa sikóònù yẹn."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìdí tí mo fi máa bá yín lọ nìyẹn."

Inú ilé ìdáná la bá a. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pólíìṣì pupa pa ilẹ̀ rẹ̀ ni, a ò sì mọ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá figbe ta. Ó rò pé mo dákú ni. Ó ti ń sáré bu omi kí ìyàwó mi tó ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń bẹ àgbà nílùú wa nìyẹn.

"Éìsh! Dìde," ni Màmá wí. "Pólíìṣì yẹn ò tíì gbẹ."

Mo dìde. Láti àyà dé orúnkún, mo dà bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn.

"Màmá, ẹ forí jì mí."

Ó jókòó. Ó mú ife kan tó ti gbẹ, ó ń nù ún.

"Kẹ́ ẹ tó dé, àwọn ará Màláwì ló ń gbé ilé yẹn," ló wí. "Ọkọ mi ní káwọn ọmọ wa má jẹun níbẹ̀, pé a ò mọ ohun tí wọ́n ń sè. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Obìnrin ilé yẹn mọ̀. Kò bi mí rí." Ó gbé ife náà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n a ò ju oúnjẹ wọn dànù. A máa ń dá a padà ni. Ìyẹ̀fun wọ́n."

Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Òun náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ wo gìtá.

Nígbà tí mo tú pẹ́ẹ̀gì, láínìn apá ojú ti mú ṣinṣin. Ti apá ẹ̀yìn ló kù. Mo gé e nínú kédárì tó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n mo gé eyín kan jìn jù. Ó kán síbi ìbàdí. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń ṣe ní Randburg, màá ti lẹ ibi tó kán yẹn pọ̀, màá sì fi í sẹ́yìn níbi tí ojú ò ti ní tó o. Mo mú un dání, mo ń wò ó. Mo wá nà án sí Màmá.

"Mo ti bà á jẹ́, Màmá. Kédárì náà sì ti tán."

Ó gbà á, ó wò ó, ó wọlé lọ. Dúrọ́ọ̀ kejì ló gbé jáde.

"Aṣọ mi ò kún dúrọ́ọ̀ mẹ́ta náà," ló wí.

Èyí tí mo fi pẹ̀lẹ́ gé ló mú. Bó ti gbẹ, mo lẹ sáńpépà mọ́ pákó tó tẹ́jú, mo fi ń ra etí rẹ̀ kí láínìn àti ẹ̀gbẹ́ lè dọ́gba. Màmá á di tọ́ọ̀ṣì mú nínú gìtá, èmi á gbé ojú rẹ̀ lé e, a ó sì máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ibi tó bá ti yọ, màá tún máa ra á. A ṣe é títí kò fi sí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde mọ́.

Láti ọjọ́ agolo ẹja yẹn, Màmá ò fún mi ní sikóònù mọ́. Èmi gan-an ló wá ń wù kó fún mi, mi ò sì lè béèrè. Ìyàwó mi din pọ́fùpọ́ọ̀fù, ó gbé e lọ fún un. Màmá jẹ ẹ́ níbẹ̀ lójú wa, gbogbo rẹ̀, ó sì lá ìka rẹ̀. Ojú gbà mí tì. Mo gbé ojú kúrò.

Ọdún 2009 ti dé kí gìtá náà tó parí, nítorí pé Sátidé nìkan ni mo ní. Mo ti rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò wá gbé e. Lọ́jọ́ tí a so okùn sí i, Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó jókòó lórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, títí ohùn fi bá ara mu. Ó wá fi àtàǹpàkò àti ìka kan ta á. Ohùn rẹ̀ mọ́, kò le, ó ń jáde láti inú igi náà wá.

"Màmá, ẹ mọ gìtá ta!"

"Èmi ni ọkọ mi ń ṣe é fún," ló wí. "Mo máa ń ta á nígbà tí mo wà lọ́mọge. Nígbà tí mo lọ́kọ, iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè."

Nígbà tó kù díẹ̀ ká kó lọ sí Randburg, lọ́dún 2010, ó ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wà nílé rẹ̀, pẹ̀lú búláòsì pupa àti fìlà funfun wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ta orin kan, gbogbo wọn gbè é. Nígbà tí wọ́n parí, ó nawọ́ sí mi níwájú wọn.

"Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ló wí. Ó sọ ọ́ ní Súlúù, ó tún un sọ lóyìnbó nítorí tèmi. "Ọmọ mi yìí ló bá mi parí ẹ̀. Èèyàn dáadáa ni."

Àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tí ọwọ́ òsì á di apá ọ̀tún mú. Mi ò lè gbé ojú sókè wo ìkankan nínú wọn. Bàtà wọn ni mo ń rí, dúdú, gbogbo rẹ̀ ń dán. Gbogbo ohun tí Màmá mọ̀ nípa mi, kò sọ ọ́ fún wọn, mo sì dúró síbẹ̀, mo ń gba ọpẹ́.

Mo padà sílé. Ìyàwó mi ń di ẹrù lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ní?" ló bi mí.

"Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́," ni mo wí. Mo mú páálí kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kó abọ́ sínú rẹ̀.